Má fi ewu ẹlòmíràn dúpẹ́: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú ọpẹ́ wa

Àwa Yorùbá onígbàgbọ́ tí à ń gbé Àbújá, Kàdúná tàbí Jos, ọpẹ́ kì í wọ́n wa lẹ́nu. A kí ara wa, ọpẹ́ ni. A ti ìrìn àjò dé, ọpẹ́ ni. Àìdúpẹ́ kọ́ ló ń dà wá láàmú, bí a ṣe ń dúpẹ́ ni, torí àwọn àṣìṣe kan ti mọ́ wa lára débi pé ẹ̀rí la ń pè wọ́n.

Èyí tó burú jù ni kí èèyàn fi àdánù ẹlòmíràn wọn ọpẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá ń gba Lọ́kọ́ja relé, tàbí tó ń ná ọ̀nà Kàdúná, mọ ohun tí ojú ń rí lọ́wọ́ àwọn ajínigbé. Bó bá wá di ọjọ́ Ìsinmi, tí wọ́n ní kí àwọn ẹlẹ́rìí jáde, ẹ ó gbọ́ ọ: “Ọkọ̀ tó ṣíwájú wa gan-an ni wọ́n dá dúró, wọ́n kó gbogbo wọn wọgbó. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run tèmi kì í sùn!” Ìjọ á pariwo halelúyà, onílù á gbá a. Ṣé Ọlọ́run àwọn tó wà nínú ọkọ̀ iwájú ló wá ń sùn? Bóyá orin ìyìn ni àwọn náà ń kọ nínú ọkọ̀ kí ìbọn tó dún. Ta ló sì mọ ẹni tó jókòó lẹ́yìn nínú ìjọ yẹn? Ó lè jẹ́ ẹni tó pàdánù èèyàn rẹ̀ nígbà tí wọ́n kọlu ọkọ̀ ojú irin Àbújá sí Kàdúná ní oṣù Kẹta ọdún 2022, tàbí nígbà tí bọ́ǹbù dún ní gáréèjì Nyanya ní oṣù Kẹrin ọdún 2014. Kí ni ẹ̀rí yẹn ń sọ fún un? Pé Ọlọ́run fẹ́ràn ẹni tó di máíkì mú ju ẹni tí òun pàdánù lọ.

Farisí inú Lúùkù orí 18 náà, ọpẹ́ ló fi bẹ̀rẹ̀ àdúrà rẹ̀. Ó dúpẹ́ pé òun kò rí bí àwọn yòókù. Agbowó-orí tí kò lè gbójú sókè ni Jésù sọ pé a dá láre.

Nítorí náà, bí o bá gúnlẹ̀ láyọ̀, sọ pé: “Olúwa, o mú mi délé, mo dúpẹ́. Àwọn tí wọ́n kó lọ, jọ̀wọ́ rántí wọn.” Ó tán. Kí ìjọ wá kúnlẹ̀ gbàdúrà fún wọn kí wọ́n tó tún fọwọ́ kan ìlù.

Má sì fi tipá gba ọpẹ́ lẹ́nu ọlọ́fọ̀. “Ẹ máa dúpẹ́, ó lè jù báyìí lọ.” Ta ní rán ọ? Ẹsẹ mẹ́fà péré ni Sáàmù 13, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Dáfídì sì béèrè pé yóò ti pẹ́ tó, kó tó dórí pé òun yóò kọrin. Róòmù 12:15 ní kí a bá àwọn tó ń sọkún sọkún. Ẹni tí ará ilé rẹ̀ wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ọ̀fọ̀ wá ṣẹ̀ ẹ́ ní Jos, àwa la jẹ́ mọ̀lẹ́bí tó wà nítòsí. Gbé oúnjẹ dání, kí o jókòó tì í, kí o sì pa ẹnu mọ́.

Òmíràn tún wà tó máa ń bí mi nínú. Ẹnì kan á jáde, á ní òun dé Àbújá láìmọ ẹnì kankan, Ọlọ́run nìkan ló ṣe é. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n tó gbà á sí pálọ̀ rẹ̀ ní Kubwa fún oṣù gbọọrọ jókòó síbẹ̀, ìyàwó ẹ̀gbọ́n tó ń ro ẹ̀bà fún un láràárọ̀ lálaalẹ́ ń wò ó. Hébérù 13:15 sọ̀rọ̀ ẹbọ ìyìn, ẹsẹ 16 sì tẹ̀ lé e pé kí a má ṣe gbàgbé oore ṣíṣe. Dárúkọ wọn. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, mi ò ní gbàgbé láéláé” kò dín ògo Ọlọ́run kù. Mẹ́ruwá tó ń ti bárò omi wá nínú ooru pàápàá, “na gode”, ìyẹn ẹ ṣeun ní èdè Hausa, kì í ṣe ẹrù.

Ti àkànṣe ọpẹ́ tí à ń tìtorí rẹ̀ yáwó ra aṣọ ẹbí, nígbà tí owó ilé ọdún kan ń dúró, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Ọlọ́run kò rán ẹnikẹ́ni ní gbèsè.

Ìyìn aago mẹ́rin òru pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn nínú ọgbà tí ìdílé mẹ́jọ jọ ń gbé ńkọ́? Pọ́ọ̀lù àti Sílà kọrin lọ́gànjọ́ nínú ẹ̀wọ̀n lóòótọ́, àmọ́ àwọn tó ń gbọ́ wọn kò ní bọ́ọ̀sì Nyanya tí wọ́n fẹ́ sáré mú láago márùn-ún.

Ọpẹ́ gbogboogbò, “fún gbogbo rẹ̀, Olúwa”, kì í pẹ́ di àkọ́sórí. Sáàmù 92 ní kí a sọ̀rọ̀ àánú Olúwa ní òwúrọ̀ àti òtítọ́ rẹ̀ lálaalẹ́. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti Mararaba dé oríta AYA ní Àbújá, àyè wà láti ka ohun mẹ́ta tó ṣẹlẹ̀ láti àná: iná tó dé lóru nínú ooru, ibà ọmọ tó lọ sílẹ̀, ọ̀gá tó sanwó lọ́jọ́ tó pé. Lálẹ́, kí àwọn ọmọ sọ tiwọn. Ọ̀kan lè dúpẹ́ fún Indomie, èkejì lè dúpẹ́ pé tíṣà ìṣirò kò wá. Má ṣe bá wọn tún un ṣe.