Ófùn oníná tí kò gbóná mọ́: ìbéèrè láti Kabba, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ́

Ìbéèrè (Ìsánlú): Okun o, ẹ̀gbọ́n. Gílóòbù inú ófùn mi ń tàn, fáànù rẹ̀ ń yí, ṣùgbọ́n kéèkì tó máa ń jinná láàárín wákàtí kan ti wá ń gbà ju méjì lọ, pàápàá lálẹ́. Ẹni tó wá wò ó ní kí n ra ẹ̀lẹ́mẹ́ǹtì tuntun, ìyẹn irin tó ń gbóná nínú rẹ̀.

Ìdáhùn: Okun o, àbúrò. Má tíì ra nǹkan kan. O ti sọ ìdí rẹ̀ fúnra rẹ: "pàápàá lálẹ́". Alẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń tanná, ìgbà náà ni iná sì máa ń rẹlẹ̀ jù. Ẹ̀lẹ́mẹ́ǹtì 2000 wáàtì tí wọ́n ṣe fún fóltì 240 kò ní fún ọ ju bíi 890 wáàtì lọ bí iná bá wà ní 160. Gílóòbù àti fáànù á ṣì ṣiṣẹ́ nírú iná bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló ń tan ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ jẹ.

Jẹ́ kí oníná fi mítà wọn sọ́kẹ́ẹ̀tì nígbà tí ófùn wà ní títàn. Wíwọ̀n ọ́n nígbà tí ófùn wà ní pípa kò sọ nǹkan kan fún wa. Kó tún wọ̀n ọ́n níbi tí iná ti wọlé. Bí iná bá dúró dáadáa níbẹ̀ àmọ́ tó já wálẹ̀ ní sọ́kẹ́ẹ̀tì, wáyà inú ilé rẹ ló tínrín jù tàbí tí ojú ìsopọ̀ kan ti dẹ̀. Bó bá já níbi méjèèjì, láti òpó tàbí tiransifọ́mà ni. Iléeṣẹ́ iná ni kó o lọ bá. Bó o bá fẹ́ ra sítabiláísà, ti tẹlifíṣọ̀n ò lè gbé ófùn, yóò jó.

Bí iná bá pé tí kò sì gbóná, ìgbà yẹn la ó wá yẹ ẹ̀lẹ́mẹ́ǹtì wò. Yọ píláàgì, kí oníná tú wáyà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, kó fi mítà wọn óòmù rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń dí iná lọ́wọ́ tó. Ti 2000 wáàtì máa ń wà nítòsí óòmù 29. Bí mítà kò bá rí ọ̀nà kankan kọjá, ó ti já nínú.

Ìbéèrè (Kabba): Ọmọ mi, ófùn mi wà ní sítọ́ọ̀ ní gbogbo ìgbà òjò. Bí mo ṣe tàn án báyìí ni brékà ń já. Ọmọkùnrin kan ní ká gé wáyà aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò yẹn, pé yóò dáwọ́ dúró.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Òótọ́ ni pé ó lè dáwọ́ dúró, ìyẹn gan-an ló burú. Wáyà yẹn ló ń gbé iná tó bá kan ara ófùn lọ sínú ilẹ̀. Bí ẹ bá gé e, ọwọ́ yín ni iná máa gbà kọjá. Ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kàn án.

Ìyẹ̀fun funfun kan wà nínú ẹ̀lẹ́mẹ́ǹtì tó yí wáyà rẹ̀ ká. Ó máa ń fa ọ̀rinrin bó bá pẹ́ nílẹ̀ láìlò, iná á wá máa jò díẹ̀díẹ̀ sára irin. Brékà tó ní bọ́tìnnì ìdánwò máa ń mọ̀ ọ́n, á sì já. Ẹ jẹ́ kí oníná tú ẹ̀lẹ́mẹ́ǹtì náà, kó gbẹ ẹ́ sínú ófùn gáàsì ní ooru díẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, kó tún un wọ̀n. Bó bá ṣì ń jò, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí brékà yín kò bá ní bọ́tìnnì yẹn, kì í ṣe ọ̀rinrin kékeré ló ń já a. Kí oníná wá wáyà tó ti jó tàbí tí eku jẹ.

Ìbéèrè (Ẹ̀gbẹ́): Iná lọ, ó dé, ófùn kò gbóná mọ́. Aago rẹ̀ kàn ń ṣẹ́jú.

Ìdáhùn: Ẹ tún aago náà ṣe. Ọ̀pọ̀ ófùn aláago báyìí kì í gbóná títí ẹ ó fi sọ iye aago fún un. Ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè (Kabba): Píláàgì mi ń gbóná, ike rẹ̀ sì ń rùn.

Ìdáhùn: Ẹ pa á láti brékà kẹ́ ẹ tó yọ ọ́. Ojú irin ti dẹ̀ nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ibi tó dẹ̀ ló ń gbóná. Ẹ pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì àti píláàgì pọ̀, torí èyí tó ti jó á tún ba tuntun jẹ́. Kò gbọdọ̀ sí ẹkisitẹ́ńṣọ̀n láàárín wọn. Bí ófùn bá sì ju 3000 wáàtì lọ, kì í ṣe ti píláàgì mọ́. Kí oníná fa wáyà tirẹ̀ lọ́tọ̀ láti ibi brékà.