Bí mo ṣe yẹ ayùn orí tábìlì tòkunbọ̀ wò kí n tó sanwó

Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mò ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti di Sátidé, ẹ̀yìnkùlé ni ẹ ó ti bá mi, nídìí pákó. Àpótí ìwé, tábìlì ìjẹun, kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná, èmi ni mo kan púpọ̀ nínú èyí tó wà nínú ilé wa n'Ìbàdàn. Ayùn ọwọ́ àti ayùn oníná kékeré tí à ń gbé lọ́wọ́ ni mo fi ṣe gbogbo rẹ̀. Ibi tí agbára àwọn méjèèjì pin sí ni igi tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kan férémù ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù nílò igi rẹpẹtẹ tí fífẹ̀ gbogbo wọn dọ́gba. Tí ọ̀kan bá fi mìlímítà kan ju èkejì lọ, oríkèé ibi tí wọ́n ti pàdé á yọ síta, fáníìṣì kò sì ní bò ó. Ńṣe ni yóò túbọ̀ tú u fó.

Ọjà pákó Bódìjà ni mo máa ń gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ, kí àwọn tó ní ẹ̀rọ níbẹ̀ bá mi là á. Wọ́n mọ iṣẹ́ wọn, owó tí wọ́n ń gbà kò sì ga jù. Ẹni tó bá jẹ́ pé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń kan nǹkan, mi ò rí ìdí tí kò fi ní máa lọ bá wọn. Tèmi ni pé mo lè délé kí n rí i pé igi kan ṣoṣo ló dín. Àfi kí n tún padà lọ, wọ́n á tún ẹ̀rọ tò, igi tuntun náà kò sì ní bá ti tẹ́lẹ̀ dọ́gba mọ́. Ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá ayùn orí tábìlì nìyẹn, ẹ̀rọ tí ayùn rẹ̀ yọ jáde láàárín tábìlì. Tuntun tó dáa, apá mi kò ká a. Tuntun tí kò wọ́n, mo ti di fẹ́ǹsì rẹ̀ (irin gbọọrọ tí igi ń fara tì tí a bá ń là á) mú ní ìsọ̀ wò, ó ń mì bí eyín tó fẹ́ yọ. Tòkunbọ̀ ló kù.

Kí n tó kúrò nílé, mo ti mọ ohun tí mo lè fojú fò àti ohun tí mi ò gbọdọ̀ gbà. Ìpẹtà ojú tábìlì kò já mọ́ nǹkan. Kẹrosíìnì àti páálí ìfági á bọ́ ọ. Ayùn fúnra rẹ̀, ìyẹn irin eléyín tó ń yí, tó bá ti kú, èèyàn á ra òmíràn. Wáyà, súìṣì, kábọ́ọ̀nù inú mọ́tò, àwọn rìwáyà á ṣe gbogbo rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Bẹ́rìn pàápàá ṣeé pààrọ̀. Àmọ́ ọ̀pá irin tó gbé ayùn dúró, tó bá ti wọ́, ó tán. Tábìlì tó ti lọ́, ó tán. Bákan náà ni fẹ́ǹsì àti riving knife, irin pẹlẹbẹ ẹ̀yìn ayùn: ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, tí ó bá sì ti sọnù lójú ọ̀nà òkun, ẹ ò ní rí i rà ní Nàìjíríà.

Òwòdè Onírin l'Ékòó ni mo kọ́kọ́ gbà lọ. Ẹ̀rọ tí ojú mi kọ́kọ́ bà lé, Amẹ́ríkà ló ti wá, ara rẹ̀ mọ́ tónítóní, owó rẹ̀ sì rọ̀. Mo yí i sí ẹ̀gbẹ́, mo ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára: 120V, 60Hz, 15A. Iná tiwa, 230V àti 50Hz ni. Ẹni tó bá ki irú ẹ̀rọ yìí bọ iná ilé tààrà, èéfín ni yóò rí.

Ọmọkùnrin tó ń tà á ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ra step-down mọ́ ọn, ó parí.”

Kò tíì parí. 120 lọ́nà 15 jẹ́ 1,800 wáàtì. Step-down 2,000VA yóò kàn máa làágùn tí igi bá ti le díẹ̀. 3,000VA ló tó o. Ó wúwo, owó rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wọ inú owó ayùn, kí èèyàn tó sọ pé òun ra ọjà ọ̀pọ̀. Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwọn ọlọ́jà kì í sọ. Step-down ń dín fólítéèjì kù ni, kò lè sọ 50Hz di 60Hz. Ayùn kékeré tó ń lo kábọ́ọ̀nù, tí ariwo rẹ̀ pọ̀, kò bìkítà. Ṣùgbọ́n àwọn ńlá tó jókòó sílẹ̀, tó ní mọ́tò induction tí kì í lo kábọ́ọ̀nù, eré wọn á dín ní ìdá kan nínú mẹ́fà níbí. Wọ́n á là á, àmọ́ kò ní dà bíi ti ibi tí wọ́n ti wá.

Ìyẹn nìkan kọ́ ló mú mi fi í sílẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn ayùn, ó ṣófo. Mo béèrè riving knife, èyí tó máa ń dúró sẹ́yìn ayùn gbágbáágbá, tó ń bá a gòkè, tó ń bá a sọ̀ kalẹ̀. Ó ní, “Káfíńtà wo ló ń lò ó? Gbogbo wọn ló ń yọ ọ́ dànù.”

Òótọ́ ló sọ, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn mí. Iwájú ayùn, níbi tí eyín ti ń já wálẹ̀, ló ń la igi. Ní ẹ̀yìn, òkè ni eyín ń lọ. Tí igi bá lọ fara kan eyín ẹ̀yìn yìí, ayùn á gbé e sókè, á sì ta á lu ẹni tó dúró níwájú kó tó ṣẹ́jú. Ọwọ́ tó ń ti igi náà kò ní ohun tó ń tì mọ́, orí ayùn ló máa já sí. Ọ̀pọ̀ ìka tí ẹ rí pé ó gé lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ igi, ibẹ̀ ló gbà lọ. Riving knife ló ń dúró sáàárín apá méjèèjì igi tí a là, kí wọ́n má bàa fún ayùn pọ̀, kí igi má sì yà lọ bá eyín ẹ̀yìn.

Lójú tèmi, àwa gan-an ló yẹ ká dì í mú jù. Púpọ̀ nínú pákó tí à ń rà kò gbẹ. Láti ibi tí wọ́n ti là á ló ti bọ́ sínú ọkọ̀, láti inú ọkọ̀ ló bọ́ sí ìsọ̀. Ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ ó mọ̀ pé omi wà lára rẹ̀. Tí ẹ bá la irú rẹ̀ lójú gígùn, agbára tó ti há sínú igi á tú sílẹ̀. Nígbà míì apá méjèèjì á yà síra wọn, kò sí wàhálà. Nígbà míì wọ́n á padà wá pàdé, wọ́n á sì di ayùn mú. Ìrókò, tí ìṣàn ara rẹ̀ gba ara wọn kọjá, a máa ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá gbẹ pàápàá. Lẹ́yìn 2008 ni riving knife tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ayùn tuntun wá káàkiri ní Amẹ́ríkà. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará Yúróòpù ti ń lò ó. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ra ti Amẹ́ríkà tó ti dàgbà, ẹ̀yìn ayùn ni kó kọ́kọ́ wò. Mo kí ọmọkùnrin náà pé ó ṣeun, mo kọjá.

Ìsọ̀ Alhaji kan tó ń ta ẹrù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti rí èkejì, DeWalt DW745. Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ńlá, ìwọ̀n rẹ̀ kò ju bíi kílò 22 lọ, èèyàn kan lè gbé e. Mo kọ́kọ́ ka ara rẹ̀: 230V, 1,850 wáàtì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ẹnu wáyà mọ̀ ọ́n. Irinṣẹ́ tí àwọn tó ń kọ́lé ń lò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 110V ni púpọ̀ nínú wọn, plọ́ọ̀gù wọn sì máa ń jẹ́ yẹ́lò. Tó bá dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n á gé yẹ́lò yẹn sọnù, wọ́n á fi plọ́ọ̀gù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tiwa sí i, ẹni tó rà á á sì rò pé òun ra 230V.

“Alhaji, ẹ jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa o.”

“Yẹ̀ ẹ́ wò, ọmọ mi. Tìẹ ló máa jẹ́, tìẹ lowó.”

Mo yọ ọ́ kúrò nínú iná pátápátá kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Mo gbé ayùn sókè dé òpin, mo fi àkísà dì í mú, mo mì í sọ́tùn-ún sósì. Kò mì. Mo tú ayùn, mo fi ìka yí ọ̀pá irin rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ojú mi wà níbòmíràn kí ìka lè gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bẹ́rìn tó ti jẹ máa ń họ ìka. Èyí ń yọ̀ lọ ni. Mo gbé rúlà irin lé tábìlì láti igun dé igun, mo bẹ̀rẹ̀ mo wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ìmọ́lẹ̀ ń gbà á kọjá.

Lẹ́yìn náà ni mo wá sí ibi tí àwọn ènìyàn kì í dé. Mo dá ayùn padà, mo fi báírò sàmì sí eyín kan. Mo yí eyín yẹn síwájú, mo wọn bó ṣe jìnnà sí ihò gígùn tó wà lójú tábìlì. Mo yí eyín yẹn kan náà lọ sẹ́yìn, mo tún wọ̀n ọ́n. Eyín kan náà ló gbọ́dọ̀ jẹ́, nítorí tí ayùn bá wọ́ díẹ̀, eyín méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ á ṣini lọ́nà. Iye méjèèjì ṣe déédéé. Ayùn tí kò bá gún régé pẹ̀lú ihò yẹn á máa jó igi dúdú ni, á sì máa fà á sẹ́yìn.

Fẹ́ǹsì ẹ̀rọ yìí ni mo fẹ́ràn jù. Eyín irin ló ń rìn lé lórí níwájú àti lẹ́yìn, èèyàn á yí bọ́tìnì kan, orí méjèèjì á sì jọ rìn pọ̀. Mo tì í pa, mo fi àtàǹpàkò ti ìdí rẹ̀ gan-an. Kò yẹ̀. Riving knife wà lẹ́yìn ayùn, ó gún. Ibi tó ti lekoko ni títẹ̀ ayùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ dé dígírì 45. Lẹ́búlẹ́bú igi ti dì sínú jíà rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ló máa tán ìyẹn.

Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Kò sí òórùn jíjóná, àmọ́ iná ń ṣẹ́ pẹ́pẹ́ nídìí kábọ́ọ̀nù. Nígbà tí mo pa á, mo tẹ́tí sí i títí ó fi dúró, torí ìgbà tí mọ́tò bá dákẹ́ tí ayùn ṣì ń yí ni bẹ́rìn máa ń sọ tẹnu rẹ̀. Mo ti mú pákó àfàrà kékeré dání láti ilé. Mo là á. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jó díẹ̀, ayùn kíkú ló fa ìyẹn.

“Alhaji, èló ni jálẹ̀?”

Ó bẹ̀rẹ̀ láti 220,000 náírà. Mo fi kábọ́ọ̀nù tó ti jẹ àti ayùn tó ti kú hàn án. A parí rẹ̀ sí 170,000, ó sì fi igi ìtìgi rẹ̀ ṣe èènì fún mi.

Nílé, kábọ́ọ̀nù tuntun ni mo kọ́kọ́ fi sí i. Tí ẹ bá ń ra ayùn, ẹ wo ihò àárín rẹ̀: ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ mìlímítà 30, ti Amẹ́ríkà jẹ́ bíi 16. Ẹ tún wo bí ó ṣe nípọn. Riving knife gbọ́dọ̀ nípọn ju irin ayùn fúnra rẹ̀ lọ, kó sì tín-ín-rín ju ojú tí eyín ń là lọ. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, yálà igi á há mọ́ ọn tàbí kó má ṣiṣẹ́ kankan. Ní ti iná, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní “I better pass my neighbour” kò lè gbé e, bíi 3.5kVA ni mo ń lò tí NEPA kò bá sí.

Mi ò ń wọ ìbọ̀wọ́ nídìí rẹ̀, tí eyín bá kọ́ ìbọ̀wọ́, ọwọ́ á tẹ̀ lé e. Bùbá ọlọ́wọ́ gbọọrọ kò sí níbẹ̀, ọmọdé kò sí níbẹ̀. Mò ń bo imú, pàápàá tó bá jẹ́ ìrókò, nítorí lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ a máa yún ni nímú àti lára.

Plywood tó jẹ́ ẹsẹ̀ 4 sí ẹsẹ̀ 8, mi ò ń gbé e lé e lódindi. Ó tóbi ju tábìlì yìí lọ, ìdajì rẹ̀ á máa fà sísàlẹ̀, á sì yí mọ́ ayùn. Ilẹ̀ ni mo ṣì ń tẹ́ ẹ sí, lórí fóòmù, kí n fi ayùn kékeré gé e sí wẹ́wẹ́ tó ju bí mo ṣe fẹ́ ẹ lọ díẹ̀, kí n tó wá gbé e wá sórí tábìlì láti gé e dé ìwọ̀n.