Bí Ẹ Ṣe Lè Kọ Ìwé Ewu Ilé-iṣẹ́ Yín Kí Nọ́ńbà Má Baà Tàn Yín Jẹ

Ilé-iṣẹ́ ọṣẹ kan ní Ìsọlọ̀, l'Ékòó, ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ààbò. Ìwé ewu ni ìwé tí a ń to ewu ilé-iṣẹ́ sí, tí a ń fún kálukú ní nọ́ńbà méjì: bó ṣe ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀ tó, àti bí ọṣẹ́ tó lè ṣe ṣe tó; 5 ló ga jù. Nínú èyí tí mo bá níbẹ̀, wọ́n fún bọ́ílà, ìkòkò ńlá tó ń se omi di ooru, ní 1 torí pé kò tíì bú rí, wọ́n fún ọṣẹ́ tó lè ṣe ní 5. Wọ́n sọ wọ́n di ìlọ́po, ó di 5. Ọ̀bẹ tí a fi ń gé ọṣẹ gba 5 fún bó ṣe ṣeé ṣe tó, ó gba 1 fún ọṣẹ́. Òun náà di 5. Ohun tó lè wó ògiri lu èèyàn wá bá ohun tó ń gé ni níka dọ́gba!

Ẹ má sọ nọ́ńbà méjèèjì di ìlọ́po mọ́. Ẹ jẹ́ kí kálukú dá dúró. Ohunkóhun tí ọṣẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ 5, ẹ yà á sí ojú ìwé tirẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fa ìlà kan sí i, kí ẹ kọ sókè rẹ̀ pé: "Kí la gbé e lé?" Ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. ISO 31000, ìlànà àgbáyé lórí bíbójú tó ewu, tí wọ́n tún ṣe ní 2018, so ewu mọ́ àìdánilójú, Ọ̀jọ̀gbọ́n Terje Aven, onímọ̀ nípa ewu ní Nọ́wè, sì tẹnu mọ́ ọn pé ká máa sọ bí ìmọ̀ tó wà lẹ́yìn nọ́ńbà ṣe lágbára tó. Ṣé àkọsílẹ̀ wà? Ṣé ẹnu àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kò? Ṣé ohun tí a gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀ ṣì rí bẹ́ẹ̀? Bí ọ̀kan bá yingin, ẹ má kùn ún ní àwọ̀ ewé, èyí tó ń sọ pé kò séwu.

Ìdí bọ́ílà ni kí ẹ ti béèrè, kì í ṣe ọ́fíìsì. Bàbá tó ń tọ́jú tiwa sọ fún mi pé, "Màdáàmù, ọdún mẹ́fà rèé, mi ò rí ẹni tó dán fáàfù yẹn wò." Fáàfù náà ló ń tú ooru jáde kí bọ́ílà má baà bú. Nígbà tí a tú u, ó ti dógùn-ún mọ́ ìdí rẹ̀. Ohun tí 1 yẹn dúró lé nìyẹn.

Ìwé náà tún ní ọkọ̀ panápaná á dé láàárín ìṣẹ́jú 10. Ní agogo 6 ìrọ̀lẹ́, láti Òṣòdì, nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀? Ẹ wá gbogbo irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ rí, kí ẹ fàlà sí i nídìí, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó máa lọ yẹ̀ ẹ́ wò àti ọjọ́ tó máa lọ.

Ọjọ́ tí ẹ bá pààrọ̀ dísẹ́ẹ̀lì sí gáàsì, tàbí tí ẹ yí omi bọ́ílà padà, ẹ tún ìwé náà ṣí. Ẹ má dúró de ìparí ọdún.