Bí ẹ ṣe lè gbọ́ Jesus Christ Superstar láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin kó má sú yín

Àwọn tó máa ń ní àwo Jesus Christ Superstar yìí ò yé àwọn, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe. Wọ́n á lọ sórí YouTube, wọ́n á tẹ orin kan láàárín, wọ́n á gbọ́ gìtá tó ń han, ẹnì kan ń fi ariwo pe Jésù, wọ́n á ní ọ̀rọ̀-òdì rèé, wọ́n á pa á. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe àkójọ orin o, ìtàn ni, ọ̀sẹ̀ tí Jésù lò kẹ́yìn kí wọ́n tó kàn án mọ́gi, orin ni wọ́n sì fi sọ gbogbo ẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ pé Hubert Ogunde fi ìtàn ọgbà Édẹ́nì ṣe ópẹ́rà l'Ékòó lọ́dún 1944 á mọ irú eré tí mò ń wí, àfi pé rọ́ọ̀kì làwọn Òyìnbó wọ̀nyí fi ṣe tiwọn.

Ohun àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ wá èyí tó tọ́, torí ó pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ti 1970 ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Andrew Lloyd Webber ló ṣe orin ẹ̀, Tim Rice ló kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀, ọmọ ọdún 22 péré ni Lloyd Webber nígbà tó jáde, kò sẹ́ni tó fẹ́ bá wọn gbé e sórí ìtàgé, ni wọ́n bá kúkú gbé e lọ sí stúdíò ní London. Lójú tèmi ìyẹn gan-an ló ṣe é lóore, etí nìkan ni wọ́n ṣe é fún, gbogbo ohun tó yẹ kẹ́ ẹ fojú rí ti wà nínú ohùn. Ẹ yẹ orúkọ àwọn tó kọrin wò kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́: Ian Gillan ti ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì Deep Purple ni Jésù, Murray Head ni Júdásì, Yvonne Elliman ni Màríà Magidalénì. Tó bá jẹ́ Ted Neeley àti Carl Anderson lẹ rí, ti fíìmù 1973 nìyẹn, ó ń bọ̀, ẹ fi sílẹ̀ ná.

Bíi wákàtí kan ààbọ̀ ni. Ẹ dáńlóòdù ẹ̀ kí dátà má lọ já yín kulẹ̀ níbi tí Pílátù ti ń ṣẹjọ́ lọ́wọ́, ẹ rí i pé shuffle (èyí tó máa ń da ètò orin rú) ò sí ní títàn, ẹ lo íápíìsì tó dáa, torí ohùn àwọn èèyàn máa ń gorí ara wọn. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ka Mátíù 26 àti 27, kẹ́ ẹ fi Jòhánù 12 ẹsẹ 1 dé 8 kún un, kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ, ó sì máa gbà yín lọ́wọ́ pé ta ló ń sọ̀rọ̀ báyìí.

Wàyí o, Júdásì ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Ohun tó ń bí àwọn kan nínú nìyí ṣùgbọ́n òun ni kọ́kọ́rọ́ àwo yìí. Lẹ́yìn Overture, ìyẹn orin tí wọ́n fi ṣí i, òun ló kọ́kọ́ kọrin, Heaven on Their Minds, ẹ̀rù ló sì ń bà á: ó ń rò ó pé àwọn èrò yìí ti pọ̀ jù, wọ́n ti ń sọ Jésù di nǹkan míì, àwọn ará Róòmù á dìde sáwọn. Ẹ ò ní láti gbà fún un o. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ojú ẹ̀ la fi ń wo ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe ojú Pétérù. Kẹ́ ẹ sì fi gìtá tó bẹ̀rẹ̀ orin yẹn sọ́kàn dáadáa, ẹ máa tún bá a pàdé.

Everything's Alright ló tẹ̀ lé e láìpẹ́, Màríà ń fi òróró tu Jésù lára, Júdásì ń bínú pé owó òróró yẹn ì bá ti bọ́ tálákà. (Nínú Jòhánù, Màríà arábìnrin Lásárù ló da òróró, àwọn tó ṣe àwo yìí ló gbé e fún Magidalénì.) Ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ pàtẹ́wọ́ sí orin yìí bí ẹ ṣe ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ yín máa ṣìnà ni, torí a ti mọ́ra kíka mẹ́rin-mẹ́rin, márùn-ún-márùn-ún sì lèyí ń lọ. Ẹ ka 1-2-3-4-5, ẹ pàtẹ́wọ́ níbi 1 nìkan, ó máa bọ́ sí i. The Temple tún burú jù bẹ́ẹ̀, méje-méje ni, ìyẹn ló jẹ́ kí ọjà inú tẹ́ńpìlì dà bí ibi tẹ́nì kan ń tì yín lẹ́yìn ṣáá.

Nínú àwọn àlùfáà, Káyáfà lẹni tóhùn ẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá, Ánásì ni tòkè tó ń han-ni-létí, ẹ ò lè ṣì wọ́n mú. Orin Hẹ́rọ́dù máa pa yín lẹ́rìn-ín, piano ijó àtijọ́ ni, àwọn kan ní kò yẹ níbẹ̀, àmọ́ ẹ lọ wo Lúùkù 23, ìran ni Hẹ́rọ́dù fẹ́ wò lóòótọ́. Ní Gethsemane, orin tí Jésù fi gbàdúrà nínú ọgbà, ẹ má ṣe ohunkóhun míì, ẹ jókòó. Ohùn Gillan gòkè níbẹ̀ débi tí mi ò rò pé ẹlòmíì tíì ṣe é tó bẹ́ẹ̀, gbogbo àwọn tó kọ ọ́ lẹ́yìn ẹ̀ ló ń lé e.

Apá kejì ni àwọn ohùn orin ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá. Orin ìfẹ́ tí Màríà kọ, I Don't Know How to Love Him, ẹ máa gbọ́ ọ lẹ́nu Júdásì kó tó lọ pokùnso, ohùn kan náà, ọmọkùnrin ló ń kọ ọ́ báyìí, ó ti pẹ́ jù. Níbi tí Pílátù ti ń ka ẹgba 39 sókè, gìtá tí mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn yẹn ló wà nídìí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá mú méjèèjì yìí láìsí pé mo sọ fún yín, ẹ ti gbọ́ ọ nìyẹn.

Ẹ má retí àjíǹde o. Ibojì inú Jòhánù 19:41 ló parí sí, kò sí ẹnì kankan tó kọrin níbẹ̀. Ó wà lára ohun táwọn Kristẹni fi ń binú sí i, nígbà tó dé Broadway, àdúgbò tíátà ní New York, lọ́dún 1971 wọ́n wọ́de síwájú tíátà, àwọn Júù náà wọ́de nítorí bí wọ́n ṣe fi àwọn àlùfáà hàn. Tó bá jẹ́ pé ìyẹn máa dà yín lọ́kàn rú, ẹ ka Jòhánù 20 lẹ́yìn ẹ̀, mo mọ àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìgbà kejì ni kẹ́ ẹ wá wo fíìmù 1973, Ísírẹ́lì ni wọ́n ti yà á, Carl Anderson ni Júdásì tí mo fẹ́ràn jù nínú àwọn tí wọ́n fojú rí. Lẹ́yìn náà èyí tí olórin John Legend ti ṣe Jésù lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, ọjọ́ Àjíǹde 2018. Ní 2025 akọrinbìnrin Cynthia Erivo, táwọn òbí ẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ṣe Jésù ní Hollywood Bowl, gbàgede eré kan ní Los Angeles, ìjà tún bẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin kúáyà tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ fi ṣeré ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, ẹ kọ lẹ́tà gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni í kẹ́ ẹ tó lẹ pósítà, kẹ́ ẹ sì ti mọ ẹni tó máa kọ Gethsemane kẹ́ ẹ tó lọ sọ fún pásítọ̀.