Okùn Ìbọn: Oníkọ́ Kan Tàbí Oníkọ́ Méjì?

Nígbà tí ọdẹ bá fẹ́ ra okùn tí yóò máa fi gbé ìbọn kọ́, iye owó rẹ̀ àti bí ó ṣe lágbára tó ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kó ṣáájú wọn: bí mo bá ju ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ lójijì, níbo ni ìbọn yìí yóò lọ, ibo sì ni ẹnu rẹ̀ yóò kọjú sí? Ẹni tó bá lè dáhùn èyí ní ti ìbọn tirẹ̀ àti iṣẹ́ tí ó ń fi í ṣe ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ irú okùn tí yóò rà. Àwọn ọdẹ àti olùṣọ́ oko ní Ìlọrin, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà àti ní agbègbè Ọ̀fà ni mo ní lọ́kàn, àwọn tí wọ́n ti gba ìwé àṣẹ gẹ́gẹ́ bí Òfin Ìbọn ọdún 1959 ṣe là á kalẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ okùn kò tíì kan ẹni tí kò ní ìwé.

Oríṣi okùn méjì ni ó wọ́pọ̀. Mo pe àkọ́kọ́ ní oníkọ́ kan, nítorí pé ibì kan ṣoṣo ni ó ti so mọ́ ìbọn, lẹ́yìn ibi tí ìka ti ń fà á, níbi tí igi ìdí ìbọn ti bẹ̀rẹ̀. Okùn náà fúnra rẹ̀ jẹ́ òrùka gbọ̀ọ̀rọ̀ tí a ń ti orí àti apá kan bọ̀, tí ìbọn á sì rọ̀ níwájú àyà. Èkejì ni oníkọ́ méjì, tí ó so mọ́ iwájú lábẹ́ ọ̀pá ìbọn, tí ó sì tún so mọ́ ìdí. Ẹni tó bá ti pọn ọmọ rí yóò tètè lóye ìyàtọ̀ wọn. Nígbà tí ọjá bá gba ìdí ọmọ àti ẹ̀yìn rẹ̀ mú, ìyá lè bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀ láìbẹ̀rù; ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe pé abẹ́ apá kan ṣoṣo ni wọ́n ti so ọmọ rọ̀, gbogbo ìgbésẹ̀ ìyá ni ọmọ yóò máa fì.

Oníkọ́ kan ní iṣẹ́ tirẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé kò wúlò. Ó ń jẹ́ kí ènìyàn gbé ìdí ìbọn láti èjìká ọ̀tún sí ti òsì láìsí okùn tí ń fà á sẹ́yìn, èyí tí ó wúlò fún ẹni tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tàbí tí ń yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó tún bá ẹni tí ń wọ ọkọ̀ tí ń sọ̀ kalẹ̀ léraléra mu. Ìdí nìyí tí àwọn ọlọ́pàá àti ológun tí iṣẹ́ wọn wà nínú ilé àti nínú ọkọ̀ fi gbà á, ìbọn kúkúrú sì ni wọ́n sábà máa ń fi í gbé. Kí ẹ fi ọ̀rọ̀ kúkúrú yẹn sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀ fún àwa tí a ń rìn nínú oko.

Bí ọwọ́ bá ti kúrò lára ìbọn tí okùn oníkọ́ kan gbé, ẹnu rẹ̀ yóò já wálẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀, yóò sì máa fì bí ẹni náà ṣe ń rìn. Mo dán an wò nígbà kan pẹ̀lú ìbọn kátíríìjì, ní oko kan láàárín Òró àti Òmù-Àrán. Kí n tó la ebè iṣu mẹ́wàá kọjá, irin ti gbá mi lórúnkún lẹ́ẹ̀mẹta, ibòmíràn tí ó sì tún gbá mi kò ṣeé kọ síbí. Ìrora ara ṣì kéré níbẹ̀. Ìbọn tí ó bá gùn lè kan ilẹ̀ nígbà tí ọdẹ bá kúnlẹ̀ tàbí tí ó bá bẹ̀rẹ̀ wo ipasẹ̀ ẹran, kí ẹrẹ̀ sì dí ẹnu rẹ̀. Bí a bá yin ìbọn tí ẹrẹ̀ dí, ọ̀pá rẹ̀ lè ya ní ọwọ́ ẹni tí ó yìn ín. Nítorí náà, èmi kì í gba ọdẹ tí ìbọn rẹ̀ gùn nímọ̀ràn pé kó ra oníkọ́ kan, bó ti wù kí ó fani mọ́ra tó lórí fóònù.

Fún ìrìn jíjìn, oníkọ́ méjì ni tèmi. Ó ń jẹ́ kí ìbọn fara mọ́ ẹ̀yìn nígbà tí a bá ń gun òkè, tí a bá ń la odò kọjá tàbí tí a bá gbé ọ̀yà méjì lọ́wọ́ bọ̀ láti oko. Ẹni tí ń gun ọ̀kadà láti Àjàṣẹ́ lọ sí abúlé mọ̀ pé ohun tí ń fì níwájú àyà lè ha mọ́ ọwọ́ ọ̀kadà, ṣùgbọ́n ìbọn tí a gbé kọ́ ẹ̀yìn, tí a ti yọ ọta rẹ̀, kò ní dí i lọ́wọ́. Èrè kejì rẹ̀ ni pé ó ń ran ìfojúsùn lọ́wọ́: bí a bá ki apá òsì bọ àárín okùn, tí a sì fi ọrùn ọwọ́ yí i kí a tó di igi iwájú ìbọn mú, okùn á le, ìbọn á sì dúró jẹ́ẹ́. Àwọn ológun Amẹ́ríkà gba okùn awọ oníkọ́ méjì kan wọlé ní ọdún 1907 tí wọ́n ṣe fún gbígbé àti fún irú ìfojúsùn bẹ́ẹ̀, àwọn tí ń fi ìbọn díje ṣì ń lo irú rẹ̀ títí di òní. Àléébù rẹ̀ ni pé igi ẹlẹ́gùn-ún máa ń fa okùn náà, àti pé yíyí ìbọn sí èjìká kejì gba àsìkò díẹ̀ síi. Okùn tí ó ní ohun ìfà kan tí a lè fi dẹ̀ ẹ́ tàbí kí a fi fún un kíákíá ti dín àléébù kejì kù púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ ibi tí ẹnu ìbọn kọjú sí nígbà tí ó bá wà lórí okùn yẹ kí ó gba àròjinlẹ̀ wa ju gbogbo èyí lọ. Àwọn ọdẹ òyìnbó ní ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní gbígbé ìbọn ti Áfíríkà: wọ́n á gbé e kọ́ èjìká òsì, ẹnu rẹ̀ á kọjú sílẹ̀, ọwọ́ òsì á sì di igi iwájú mú, kí ó lè rọrùn láti yí i sókè kíákíá. Ó dára fún ìbọn kátíríìjì, òjò kò sì lè wọnú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò rí bàbá mi kó gbé ṣakabùlà bẹ́ẹ̀ rí, ọgbọ́n wà níbẹ̀. Láti ẹnu ni a ti ń rọ ẹ̀tù àti ọta sínú ṣakabùlà, bí ohun tí a fi há a kò bá le dáadáa, dídojú kọlẹ̀ àti ìmìtìtì ìrìn lè mú ọta sún kúrò lórí ẹ̀tù. Àlàfo tí ó bá wà láàárín wọn lè mú kí ọ̀pá ya nígbà tí a bá yìn ín. Ẹni tí ó ní ṣakabùlà, kí ó lo oníkọ́ méjì, kí ẹnu kọjú sókè lẹ́yìn èjìká, kí ó sì wá nǹkan bo ẹnu náà bí òjò bá ń rọ̀. Kí ó sì rántí yọ ìbò náà kí ó tó yìn ín. Oníkọ́ kan, tí ó máa ń dojú ìbọn kọlẹ̀ ní gbogbo ìgbà, kò yẹ ṣakabùlà rárá.

Ní ti ibi ìso, ìkọ́ ẹ̀yìn sábà máa ń wà lábẹ́ ìdí ìbọn, ní bíi ínǹṣì 2 sí 3 sí ìgbẹ̀yìn igi náà. Ìkọ́ iwájú gbọ́dọ̀ jìnnà díẹ̀ sí ibi tí ọwọ́ òsì ń dì mú, nítorí pé ìbọn tí ń ta ènìyàn sẹ́yìn lè fi irin ìkọ́ náà ya ìka. Bí ìbọn kò bá ní ìkọ́, ẹ gbé e fún alágbẹ̀dẹ tí ó mọ̀ nípa ìbọn, kí ẹnikẹ́ni má sì lu ihò sára ọ̀pá. Ẹ má ṣe so okùn mọ́ irin tí ó yí ibi ìfà ká, bó ti wù kí ó rọrùn tó. Mo ti rí i lára ìbọn àwọn ọ̀dọ́kùnrin, ẹ̀rù sì bà mí.

Fífẹ̀ okùn tí ó wọ́pọ̀ ni ínǹṣì 1 tàbí 1¼, ìyẹn mìlímítà 25 tàbí 32. Ìbọn tí ó wúwo nílò èyí tí ó fẹ̀ jù níbi èjìká. Awọ máa ń di èjìká mú dáadáa, àwọn aránbàtà ìlú wa sì lè rán an, ṣùgbọ́n ó ń hu funfun ní àsìkò òjò bí a kò bá fi òróró pa á. Náílọ̀ọ̀nù ń tètè gbẹ, ó sì máa ń yọ̀ lórí aṣọ. Ẹ fi ọwọ́ mi okùn náà kí ẹ tó sanwó: irin tí ó bá ń dún wọ́ọ́wọ́ọ́ ti ta ẹran lólobó ṣáájú kí ẹ tó rí i.

Okùn kan wà tí a lè yí padà láti oníkọ́ méjì sí oníkọ́ kan nípa yíyọ ìkọ́ iwájú kí a sì kó o mọ́ ti ẹ̀yìn. Ẹni tí ń ṣọ́ géètì lọ́sàn-án tí ó sì ń rin oko lálẹ́ lè rà á, bí ìbọn rẹ̀ bá kúrú. Àwọn yòókù kò nílò rẹ̀.

Nígbà tí okùn bá délé, ẹ yọ gbogbo ọta kúrò nínú ìbọn, kí ẹ sì wo inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wọ aṣọ tí ẹ máa ń wọ̀ lọ sóko, pẹ̀lú àpò ọdẹ. Ẹ gbé ìbọn kọ́, ẹ ju ọwọ́ sílẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ gun àkàbà díẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé e sí èjìká bí ẹni fẹ́ yìn ín. Bí okùn bá fún tí ìdí ìbọn kò fi dé èjìká, ẹ dẹ̀ ẹ́. Bí ó bá dẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìbọn fi ń gbá ìgbáròkó, ẹ fún un. Bí ẹ bá ti rí ibi tí ó ṣe déédéé, ẹ fi òwú aláwọ̀ pupa rán àmì síbẹ̀, kí ọwọ́ lè bá a nínú òkùnkùn.