Bí mo ṣe ka àbọ̀ mẹ́ta tí Samoa fi yẹ ara rẹ̀ wò

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe iṣẹ́ tí a máa fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kà lórí rédíò. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń gbọ́ ètò ìlera wa mọ bí orílẹ̀-èdè kékeré ṣe ń jíhìn lórí àfojúsùn ìdàgbàsókè 17 tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní 2015, èyí tí wọ́n ń pè ní SDG. Samoa ni mo mú, àwọn erékùṣù tó wà láàárín agbami Òkun Pàsífíìkì, tí èèyàn ibẹ̀ tó bí 200,000. Ó wà lára orílẹ̀-èdè 22 tó kọ́kọ́ jíhìn ní 2016. Ó tún jíhìn ní 2020 àti 2024, láìsí ẹni tó fipá mú un.

Mo tẹ àbọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí ìwé, mo fo ọ̀rọ̀ ìṣáájú, mo lọ síbi tí òǹkà wà. Àfojúsùn kẹta, ìyẹn ìlera, nìkan ni mo dojú kọ.

Mo kọ òǹkà àbọ̀ kan sí apá òsì, ti èkejì sí apá ọ̀tún, mo sì ń yọ èyí kúrò nínú èyí. Ọjọ́ kejì ni mo tó rí àṣìṣe mi. Samoa ṣe ìwádìí agboolé ní 2014, ó tún ṣe òmíràn láàárín 2019 sí 2020, ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe wọ́n sì yàtọ̀. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Láti ìgbà yẹn, ọdún tí wọ́n ka òǹkà ni mo ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mi ò wo ọdún tí àbọ̀ jáde mọ́.

Ìdá nínú 100,000 gan-an tún le. Ká ní ọmọ 5,000 ni wọ́n bí lọ́dún kan, tí ìyá kan ṣoṣo kú nítorí oyún tàbí ìbímọ. Nínú 100,000, ogún nìyẹn. Bí ìyá mẹ́ta bá kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó ti di ọgọ́ta. Ẹni tó bá ka ìwé yẹn níbòmíì á ní ìlera ìlú náà ti bàjẹ́ pátápátá, ìyá méjì ló sì fi lé. Nítorí náà mo ń wá iye èèyàn kí n tó kọ ohunkóhun.

Èéyi ló gba ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ mi. Ní oṣù Keje 2018, ọmọ ọwọ́ méjì kú lẹ́yìn tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi. Oògùn tó ń mú iṣan ara dẹ̀ ni àwọn nọ́ọ̀sì fi po ìyẹ̀fun àjẹsára náà dípò omi tó yẹ. Ìjọba dá abẹ́rẹ́ yẹn dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù, ẹ̀rù sì ba àwọn òbí. Nínú ọmọ mẹ́wàá, bí mẹ́ta péré ló gbà á lọ́dún náà. Nígbà tí èéyi wọlé ní 2019, èèyàn 83 ló kú, ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló pọ̀ jù nínú wọn.

Mo ṣírò 83 nínú 200,000: 0.04%. Mo wò ó lọ wò ó bọ̀, mo fi bírò pa á rẹ́. Ní orílẹ̀-èdè tó ní 200 mílíọ̀nù èèyàn, òkú 83,000 nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kà á lórí afẹ́fẹ́.

Ní ọjọ́ 5 àti 6 oṣù Kejìlá, ìjọba ti ọ́fíìsì pa, wọ́n ní kí kálukú jókòó sílé. Ilé tí ẹnì kan kò bá tíì gba abẹ́rẹ́, kí wọ́n so aṣọ pupa síta, kí àwọn tó ń gbé abẹ́rẹ́ kiri lè rí i láti ojú títì. Oṣù Keje 2020 ni Samoa tún yọjú wá jíhìn, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni nítorí Kòrónà. Ìyẹn wú mi lórí gidigidi, nítorí ọ̀fọ̀ náà kò tíì tutù.

Lọ́jọ́ ètò, ìyá kan pè wọlé. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ni wọ́n tú àwọn aṣọ pupa yẹn?” Mo ṣí ìwé mi. Mo ní, “Mà, kí oṣù Kejìlá tó parí ni ìjọba ká òfin pàjáwìrì kúrò, wọ́n sì ní abẹ́rẹ́ ti dé ọ̀dọ̀ èèyàn 95 nínú ọgọ́rùn-ún.” Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní kí n tún iye àwọn tó kú kà.