Iṣẹ́ abẹ lọ̀fẹ́ wà fún: àṣìṣe tí à ń ṣe ní Kétu kí ọmọ tó dé

Àṣìṣe tó le jù nínú gbogbo rẹ̀ ni èmi àti ọkọ mi ṣe nígbà oyún àkọ́kọ́. Wọ́n sọ fún wa pé ọ̀fẹ́ ni ìbímọ, a sì fi ọkàn balẹ̀. Òótọ́ ni pé láti ọdún 2009 ni ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti ń san 100.000 sẹ́fà fún ilé ìwòsàn tó fọwọ́ sí lórí ẹni kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ ìbímọ fún. Iṣẹ́ abẹ nìkan ni o. Èmi fúnra mi bí tèmi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, àmọ́ àwa la san gbogbo owó.

Òru ni ìrọbí mú mi. Wọ́n fún ọkọ mi ní ìwé pélébé kan: ìbọ̀wọ́, òwú, abẹ́rẹ́, omi tí wọ́n ń fà síni lára. Ó dúró lábẹ́ iná ilé oògùn, ó ń ka owó ẹyọ. Fóònù rẹ̀ ló fi dógò lọ́dọ̀ wọn títí ilẹ̀ fi mọ́. Báàgì aṣọ ọmọ sì kún fọ́fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, aṣọ ìkómọ ti wà lọ́wọ́ télọ̀! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra aṣọ ṣáájú ìbọ̀wọ́.

Ẹ má fi oyún pa mọ́ fún agbẹ̀bí. Mo mọ̀ pé a kì í fẹ́ kí ayé tètè rí i, kò burú, ẹ fi pa mọ́ fún aládùúgbò. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí aboyún rí elétò ìlera nígbà mẹ́jọ, kí àkọ́kọ́ bọ́ sínú oṣù mẹ́ta ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìtó ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n tètè rí, oògùn lè kápá rẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí lórí ibùsùn ìrọbí ló ń gba ilé lọ́wọ́ èèyàn, ó sì lè gba ẹ̀mí. Àwa tí ìbejì pọ̀ láàárín wa yìí, ó yẹ ká tètè mọ iye ọmọ tó wà níkùn.

Ẹ má dúró dìgbà tí ikùn bá yọ kẹ́ ẹ tó wọ ẹgbẹ́ adójútòfò ìlera, ìyẹn ẹgbẹ́ tí à ń dáwó sí kó lè bá wa san owó ìwòsàn. Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń ní kéèyàn kọ́kọ́ dáwó fún oṣù mélòó kan kí wọ́n tó bá a san ohunkóhun. Ẹni tó ń gba owó oṣù, kó béèrè bóyá ọ̀gá rẹ̀ ń san tirẹ̀ sí CNSS, àjọ ìjọba tó ń ran òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń dáwó fún lọ́wọ́ nígbà ìbímọ.

Bí èsúsú ọjà yóò bá kàn yín lẹ́yìn ìkómọ, ẹ bẹ olórí èsúsú kó gbé tiyín wá sí oṣù kẹjọ oyún. Ẹ ti bá awakọ̀ kan sọ̀rọ̀ pẹ̀lú, ìbáà jẹ́ ilé ìwòsàn Pobẹ̀ tàbí ti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni wọ́n máa ní kẹ́ ẹ lọ. Ẹni tó ń rọbí kì í ṣe ẹrù zémíján, ọ̀kadà akérò. Bí owó ò bá sì tíì pé, ẹ lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má jókòó sílé máa wá owó nígbà tí omi bá ti ya.

Nígbà oyún kejì, oṣù kẹfà ni mo lọ béèrè iye owó. Agbẹ̀bí kọ ohun tí mo máa rà sẹ́yìn ìwé àyẹ̀wò mi. Gbogbo ọjọ́ ọjà ni a ń ra ẹyọ kan tàbí méjì, tí ìyá ọkọ mi á fi bírò fa ìlà lé e.